Ìlànà Tí Mo Fi Máàkì Wọn

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni igbákejì ọ̀gá ní ilé-ìwé tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ olùkọ́, ní Bajulaiye, ní Ṣómólú. Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Òun náà ti kọ́ Yorùbá rí kí wọ́n tó gbé e ga, kò sì gbà pé iṣẹ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ òun.

Ní sáà kan, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ àròkọ tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tẹ káàdì ìgbéyàwó. Ilé ìtẹ̀wé yí wa ká, inú ariwo ẹ̀rọ wọn la ti ń kọ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó kàn rìn dé ẹ̀yìn ọgbà kó bèèrè. Àwọn kan lọ bèèrè lóòótọ́. Ọmọbìnrin kan, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tó ni ilé-ìwé, kò lọ síbi kankan. Ó kó òwe jọ. Ó ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ó ní ọ̀pọ̀ òjò ló ti rọ̀ tí ilẹ̀ ti fi mu, ó ki Bajulaiye bí ẹni ń ki ọba, títí ìwé fi kún. Kò sọ bí bébà ṣe ń di káàdì. Mo fún un ní máàkì tó tọ́ sí i, ó sì kéré.

Nígbà tó yá, igbákejì ọ̀gá wọ kíláàsì mi láì kan ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ ọmọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ lo máàkì èyí?"

Ìwọ ló pè mí, lójú àwọn ọmọ. Mo ní èmi ni, sà.

Ó kọjú sí wọn. "Ẹ gbọ́ o. Ẹni tí kò gbọ́ òwe ò lè mọyì òwe. Àǹtí yín ò gbọ́ Yorùbá, òun ló sì ń kọ́ yín."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó yọ bíró, ó fa ìlà sí máàkì mi, ó kọ tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wá ní kí ọmọ náà dìde kó ka iṣẹ́ rẹ̀ sí mi létí, kí n lè kọ́gbọ́n. Mo dúró ti pátákó, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi, mo gbọ́ ọ tán. Nígbà tí sáà parí, wọ́n ní kí n má padà wá mọ́.

Ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kì í fi ìsìn ṣeré, ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà fún Ọlọ́run.

"Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Mọ́mì," mo wí. "Ẹ jẹ́ kí n bá a ṣe díẹ̀."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò fi ṣeré.

Mo ríṣẹ́ sí ilé-ìwé ìjọba kan ní Bàrígà, mo sì pẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni mo ń rántí ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń máàkì àròkọ, ẹ̀rín àwọn ọmọ yẹn máa ń dún sí mi létí. Nígbà tí àwọn ilé-ìwé kan ní Ṣómólú àti Bàrígà wá fẹ́ ṣe ìdíje àròkọ alálàyé, wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn tó máa máàkì. Mo bèèrè àwọn tó ń bọ̀. Wọ́n dárúkọ ilé-ìwé Bajulaiye yẹn. Mo bèèrè ẹni tó ń múra àwọn ọmọ wọn sílẹ̀. Òun ni.

Èmi ni mo kọ ìlànà tí a ó fi máàkì, mo sì kọ ọ́ bí ẹni ń pọ́n ọ̀bẹ. Ṣé ẹni tó ka iṣẹ́ yìí tán mọ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ṣé àlàyé rẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn? Ṣé ọmọ náà fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń sọ? Gbólóhùn tí kò bá ti ṣàlàyé nǹkan kan, ì báà jẹ́ òwe, ì báà jẹ́ oríkì, kí a yọ máàkì nítorí rẹ̀. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó wà lára wa, kà á, ó sì yọ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ta ló ṣẹ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, sà."

Ó tún un kà. "Ó dáa. Ìlànà náà tọ̀nà. Ẹni tí ọfà bá bà, kó fà á yọ."

A bo orúkọ àwọn ọmọ àti ti ilé-ìwé wọn, n kò lè yan ẹnikẹ́ni jẹ. N kò tilẹ̀ nílò rẹ̀. Àwọn kan fi òwe bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi òwe parí, wọ́n sì fìdí rẹmi. Nígbà tí a ṣí orúkọ, ọmọ ilé-ìwé Bajulaiye ni gbogbo wọn. Ọmọbìnrin kan láti etí ọ̀sà Bàrígà ló gbégbá orókè. Bí wọ́n ṣe ń yan ẹja ló kọ, títí kan irú igi tí èéfín rẹ̀ ń mú ẹja korò.

Lọ́jọ́ tí a kéde èsì, igbákejì ọ̀gá náà dìde nínú gbọ̀ngàn. "Èyí tẹ́ ẹ fi ṣe ìkíní yìí ò ní òwe kan ṣoṣo. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Ta ló máàkì rẹ̀?"

Ohun tí mo ti ń retí nìyẹn. Mo dìde. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó dá mi mọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bọ́ síwájú." Mo fún un ní ọ̀kan nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀, èyí tó dá lórí ìwé títẹ̀. N kò dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. "Ẹ bá wa wá ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe sí bébà."

Ó ṣí ojú ìwé kan. Ó ṣí òmíràn.

"Kò sí níbẹ̀," ó wí.

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ yín, sà."

"Mo ní kò sí níbẹ̀."

"Ẹṣin pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́, sà. A ò kàn rí ẹni tó gùn wọ́n."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n máa ń sọ pé ẹ̀san kì í dùn tó bí èèyàn ṣe rò. Tèmi dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo délé, mo jẹun yó, mo sùn fọnfọn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọbìnrin kan wọ kẹ̀kẹ́ wá bá mi ní Bàrígà. Òun ló kọ iṣẹ́ tí mo fi dójú ti ọ̀gá rẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ de ẹkún tàbí ìbínú.

"Mà," ó ní, "báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ tó fi máa dáa?"

Mo ní kó lọ dúró ti ẹ̀rọ, kó bèèrè, kó kọ ohun tójú rẹ̀ rí. Ó lọ. Inú iṣẹ́ tó gbé wá lẹ́yìn náà ni mo ti mọ̀ pé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gba orí bébà kọjá lọ́tọ̀.

"Ṣé kí n fi han igbákejì ọ̀gá, mà?"

"Fi hàn wọ́n. Sọ ẹni tó kọ́ ẹ."

Ó ní wọ́n kà á tán, wọ́n sì dá a padà. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọmọ wọn míì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ mi. Mo gba gbogbo wọn.

Mo máa ń pàdé igbákejì ọ̀gá náà ní Fádèyí nígbà mìíràn. Tó bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á fẹ́ sọdá, ṣùgbọ́n mọ́tò kì í jẹ́ kéèyàn tètè sọdá títì yẹn. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí i lójú gbogbo àwọn tó ń tajà, màá sì gbé ohùn sókè: "Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ." Kò lè ṣàì dáhùn, nítorí àgbà ni, èèyàn sì ń wò ó.