Ìka Méjì Nínú Ẹ̀wù Akọrin

Ọdún mẹ́tàlélógún ni ìyá mi fi ń wọṣọ fún akọrin kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé. Orin ọ́pẹ́rà ló ń kọ, eré orí ìtàgé tí wọn kì í sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Orin ni wọ́n fi ń bínú, orin náà ni wọ́n fi ń kú. Ohùn rẹ̀ a máa gòkè débi tí ohùn obìnrin lè gòkè dé, kò sì lo máìkì rí. Èémí nìkan ló fi ń jẹun. Gbogbo ayé ló mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ìyá mi ní tiwọn, kò sì sẹ́ni tó béèrè orúkọ wọn gan-an. Ẹ má bínú bí mi ò bá pọ́n akọrin lé tó ìyá mi nínú ọ̀rọ̀ yìí; òun kọ́ ló bí mi.

Yàrá ìmúra wọn kò gbà ju àga méjì lọ. Dígí kan wà níbẹ̀ tí gílóòbù yí ká, méjì nínú wọn kì í tàn. Èmi ni mo ń lọ aṣọ nídìí fèrèsé. Kí akọrin tó jáde, ìyá mi á fa okùn ẹ̀yìn ẹ̀wù, wọ́n á ti ìka méjì bọ inú ẹ̀wù náà níbi ìhà, akọrin á wá fa èémí sínú. Bí ẹ̀wù bá há mọ́ ìka, èémí rẹ̀ ṣì pé nìyẹn.

"Àǹtí, ṣé ó há?"

"Ó há, àbúrò mi. Díẹ̀ ló kù kí o gé mi níka."

"Ọjọ́ tí ò bá há, ẹ tètè sọ fún mi o, kí n lọ máa ta bàtà."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ó gbẹ́kẹ̀ lé ìka ìyá mi débi pé kì í yọjú sí dókítà. Bí wọ́n bá ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò, á ní Àǹtí ti yẹ òun wò.

Lọ́dún kejìlélógún, ìka náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá mi ní ó há. Irọ́ náà ti jáde kí wọ́n tó mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù ṣẹ́dà aláwọ̀ ewé tí akọrin ń wọ̀ nígbà náà, wọ́n rán an wọlé ní ìwọ̀n èékánná kan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó há lóòótọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n tún tú u, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe títí ọdún fi yí po.

"Mọ́mì, ṣé kò yẹ kó lọ rí dókítà?"

"Má dá sí i. Ohùn rẹ̀ ni ayé rẹ̀. Ṣé èmi ni màá sọ fún un pé ó ti ń tán?"

Mi ò dá sí i. Mo fi òwú sí abẹ́rẹ́ fún wọn, ìyẹn ló sì ń dùn mí dòní.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Níwájú èrò, ohùn akọrin gòkè, ó dé ìdajì, ó dákẹ́. Ó la ẹnu sílẹ̀, nǹkan kan ò jáde. Wọ́n fa aṣọ ìkélé. Dókítà ní àìsàn ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ká ní ó wá lọ́dún tó kọjá ni, ọ̀nà àbáyọ wà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀wù náà wá fún òun ní ọsibítù. Ó yí i sódì lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣẹ́dà kì í bo ihò abẹ́rẹ́. Ìlà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ó sì fi ìka tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àǹtí, gbogbo ìgbà ni mo bi yín."

Ìyá mi, tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ, kúnlẹ̀ sílẹ̀. Akọrin na ọwọ́, ó mú ìka wọn méjì, ó ti ìka náà bọ abẹ́ ìgbànú aṣọ ọsibítù níbi ìhà, ó sì fa ìwọ̀nba èémí tó kù sínú.

"Ṣé ó há?"

Ìyá mi gbójú sókè wò ó.

"Kò há, àbúrò mi."

"Ẹ ṣé," ló wí, kò sì jẹ́ kí wọ́n yọ ọwọ́ náà.