Wọ́n Ní Mo Lọ́ra

Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnì kankan nílùú rẹ̀ kò mọ ohun tó jẹ́, kó yáa múra sílẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní rí ẹni bá a dárò. Bí wọ́n bá lé tíṣà, gbogbo Aramọkọ, ìlú wa, ló mọ ohun tó sọnù. Bí wọ́n bá lé akọ̀wé kóòtù, wọn á wá kí ìyá rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n èmi, ìdí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti lé mi, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará ilé mi kò tí ì gbọ́ orúkọ ẹ̀rọ náà rí. Ta ni mo fẹ́ sunkún fún?

Ìbàdàn ni iṣẹ́ náà wà, ní ilé iṣẹ́ òwò ńlá kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹ̀rọ náà gba odindi yàrá kan, wọ́n sì ń fi amúlétutù tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn. Iṣẹ́ tèmi ni láti kọ àwọn àṣẹ tí yóò máa tẹ̀ lé sórí ìwé, àṣẹ kan lẹ́yìn òmíràn: kí ó ka iye àpò sìmẹ́ńtì àti páànù tí wọ́n kó lọ sí stóò kọ̀ọ̀kan, kí ó yọ èyí tí wọ́n ti tà kúrò, kí ó tẹ ohun tó ṣẹ́kù jáde. Bí mo bá kọ ọ́ tán, àwọn ọmọbìnrin tó wà ní yàrá kejì á fi ẹ̀rọ lu ihò sára káàdì gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́, wọn á sì kó àwọn káàdì náà lọ fún kọ̀ǹpútà. Ó tán. Bàbá mi ní tirẹ̀ gbà pé mo ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ni. Ó máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn lójúde ṣọ́ọ̀ṣì, á sì dákẹ́ díẹ̀ kí ẹnu lè ráyè ya àwọn èèyàn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e gbà. Wọ́n á kọ ọ́ wàràwàrà, wọn á jù ú sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á fi àṣìṣe hàn wọ́n, wọn á tún un ṣe, wọn á tún jù ú síbẹ̀. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ara mi kò gbà á. Bí káàdì mi bá dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin, mo máa ń tú u ká sórí tábìlì, mo máa ń gbé e sókè síbi iná lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n rí i pé ihò wà níbi tó yẹ kó wà. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo tún ti ń ṣa ẹ̀wà. Kì í ṣe ẹ̀wà. Kòkó ni mo ń ṣà, wọn kò kàn mọ̀ ni.

Bí a bá sá kòkó nílé wa, bàbá mi kì í jẹ́ kí a kó o wọlé nírọ̀lẹ́ láìjẹ́ pé ó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Á jókòó sórí àpótí létí ẹní, á máa bù ú ní ẹ̀kúnwọ́, á máa fi àtàǹpàkò yí i. Èyí tó bu, èyí tó pẹlẹbẹ, èyí tí kòkòrò ti jẹ, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Létí ẹní yẹn ni mo dàgbà sí. Àwọn aládùúgbò máa ń ní ó ń wá iná orí fún kòkó, pé kí ó kúkú bá a dirun. Èmi ló máa ń yíjú sí: "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Kì í parí òwe náà. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ó ní ìparí. Ọ̀gá ayẹkòkówò ti ìjọba, tí kì í rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni, á fi ọ̀bẹ la hóró kòkó bàbá mi sí méjì, á wò ó, á sì lu àpò náà ní òǹtẹ̀ gírẹ́ẹ̀dì kìíní. N kò rí ọjọ́ tó dá a padà.

Ẹ má wá rò pé iṣẹ́ tèmi mọ́ ju ti àwọn yòókù lọ nítorí pé mo ń pẹ́ lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ló dùn mí jù. Ìgbà kan wà tí mo yẹ káàdì wò títí ojú fi ń ṣe mí bàìbàì, tí mo gbé e fún ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ sì tẹ̀ ẹ́ jáde pé páànù tí wọ́n tà ní Iléṣà pọ̀ ju èyí tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ lọ. Mo lọ́ra, mo sì tún ṣì í. Kí ló wá kù tí mo fẹ́ fi gbèjà ara mi?

Ọ̀gá mi pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, kì í sì í ṣe ìkà èèyàn. Ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Àbúrò, kì í ṣe pé o kò mọ iṣẹ́. O lọ́ra. Ẹ̀rọ yìí, à ń háyà rẹ̀ ni, kì í dúró de èèyàn." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè díẹ̀ sí i. Ó wolẹ̀. Ó ní, "Àyè náà ni o ti lò tán yẹn." Kò sí ariwo, kò sí èébú. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá rí nǹkan bínú sí.

Nínú mọ́tò tó gbé mi bọ̀, láàárín àwọn àpò iyọ̀ àti àwọn obìnrin tó ń tòògbé, n kò ronú kan iṣẹ́ mìíràn rárá. Nígbà tí a gun òkè Ẹ̀fọ̀n, kùrukùru bo ojú ọ̀nà, awakọ̀ sì ń rìn bí ìgbín. Inú bí mi sí i. Òun náà lọ́ra, ẹnikẹ́ni kò lé e. Gbogbo wa tún ń kí i pé ó ṣeun. Ohun kan ṣoṣo ni mo dì mú lọ́kàn. Mo ní bí mo bá délé, n ó jókòó létí ẹní kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, n ó máa ṣà á, yóò sì pa òwe rẹ̀ fún mi. Ibẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ láyé tí ìfarabalẹ̀ kì í ti í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí mo bá ṣáà ti lè gbọ́ òwe yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́nu rẹ̀, mo gbà pé n ó lè dìde.

Yèyé mi ló kọ́kọ́ rí mi. Ó rí àpótí mi, ó rí ẹní tí mo ká mọ́ ọn. Ó bu omi fún mi. Nígbà tí bàbá mi ti oko dé, ó jẹ́ kí n jẹun tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, o káàbọ̀ sí ulé. Uṣẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n ti ní kí n máa lọ, Bàbá."

"O jalè ni?"

"Rárá o, Bàbá."

"O bá ọ̀gá jà?"

"Rárá. Wọ́n ní mo lọ́ra. Wọ́n ní mo ń pẹ́ jù lórí iṣẹ́, pé mo ń yẹ̀ ẹ́ wò ṣáá."

Mo wá ń dúró de òwe. Mo gbójú sókè, mo ń wo ẹnu rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń wo ẹran nínú àwo àgbà. Bàbá mi wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo àtẹ́lẹwọ́, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Lọ́dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ," ni ó wí, ó sì dìde wọ yàrá lọ.

Yèyé mi pariwo tẹ̀ lé e pé kí ó má sọ bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ wo nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbé àpótí ìjókòó síwájú ẹní kòkó kó tó dé. Ó dé, kò jókòó. Ó fi pátákó gbá kòkó jọ wìrìwìrì láti igun ẹní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì rọ́ ọ sínú àpò.

"Bàbá, ẹ ò tí ì ṣà á."

"Ayé ti ń sáré, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká máa sáré."

Mo bẹ̀ ẹ́. Yèyé mi bẹ̀ ẹ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí kòkó ọdún yẹn fi tán lórí igi. Àwọn aládùúgbò tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ wá dákẹ́, ìdákẹ́ wọn sì burú ju yẹ̀yẹ́ lọ. Nínú ilé, ó di ọ̀rọ̀ adìyẹ tó bà lókùn: ara kò rọ̀ ọ́, ara kò rọ èmi náà. Èmi tí mo sá bọ̀ wálé nítorí ẹní yẹn, èmi gan-an ni mo ká ẹní náà kúrò níwájú rẹ̀.

Ọjọ́ tí a kó kòkó lọ fún ìyẹ̀wò, mo tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ayẹkòkówò la hóró kan, ó tún la òmíràn. Ó wo bàbá mi lójú bí ẹni pé ó fẹ́ béèrè bóyá ara rẹ̀ yá. Lẹ́yìn náà ó ti àpò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n lọ tún un ṣà. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń wolẹ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí n gbé e ru òun. Mo ní èmi ni n ó rù ú. Ó ní kí n gbé e ru òun. Ó rù ú gba àárín ọjà kọjá padà sílé, mo ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn lọ́wọ́ òfo, mo sì ń gbàdúrà pé kí ilẹ̀ lanu.

Mo dìde ṣá. Èèyàn kì í torí pé ojú ń tì í kó má jẹun. Ilé ìwé kan ní Erio ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ọ̀gá ibẹ̀ sì gbà mí láìbéèrè ohun tí mo ṣe ní Ìbàdàn. Mo ra kẹ̀kẹ́. Mo ń kọ́ wọn. N kò fẹ́ purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé inú mi dùn síbẹ̀. Bí mo bá dúró níwájú pátákó, tí mo ń yẹ ìṣirò tí mo kọ síbẹ̀ wò kí n tó yíjú padà, mo máa ń gbọ́ ohùn ọ̀gá mi ti Ìbàdàn létí mi. Àwọn kíláàsì yòókù ti máa ń kọjá orí ìwé tí èmi ṣì wà. Ẹ̀rù ń bà mí lójoojúmọ́ pé wọ́n á tún pè mí kí n wá jókòó.

Nígbà tí kòkó ọdún tó tẹ̀ lé e dé, mo gun kẹ̀kẹ́ wá sílé lọ́jọ́ Sátidé kan. Bàbá mi wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti sá kòkó síta, àpò tó kún dé ìdajì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò bi ẹnikẹ́ni bóyá kí n ṣà á. Mo gbé àpótí, mo jókòó, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò yí i. Oòrùn ń rọlẹ̀. Bàbá mi ń wò mí, ó sì pẹ́ tó fi ń wò mí. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé yóò pa òwe náà, pé ó ti dé ẹnu rẹ̀.

"Ní ulé ìwé tí o wà yẹn," ni ó wí, "ṣé o ń yára?"

Mo gbójú sókè. Bàbá mi, tí kò bẹ̀rù ayẹkòkówò kankan rí, ẹ̀rù ń bà á nítorí mi. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì gbá àga rẹ̀ mú, ó ń dúró de èsì bí mo ṣe dúró de òwe rẹ̀ níjọ́sí.

"Mo ń yára, Bàbá," ni mo wí. Mo sì mú hóró kòkó tó bu tó wà lọ́wọ́ mi, mo jù ú sínú àpò níṣojú rẹ̀.