Bọ́ọ̀lù Tó Wọ Odò Ọya

Ojú mi yìí ló ṣe. Ẹni tó bá sọ fún yín pé iyanrìn ni bọ́ọ̀lù yẹn kọ́kọ́ bà kí ó tó wọ omi, ẹ bi í ibi tí òun dúró sí. Èmi ni mo wà létí omi lọ́jọ́ náà, kò sí igi, kò sí ènìyàn láàárín èmi àti bọ́ọ̀lù. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ fọganáísà, títún táyà ṣe, ní Kábáwá nílùú Lọ́kọ́ja, ṣùgbọ́n kò sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ ojú ní ìríran. Ojú tèmi, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ó sì dá a dáadáa.

Eré bésíbọ́ọ̀lù ni. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n, ẹlòmíràn á fi igi gbá a, á sáré yí bésì mẹ́ta, àwọn àmì tí a tẹ́ sílẹ̀, ká, á tún padà sí ibi tó ti gbéra, tí a ń pè ní ilé. Ẹni tó bá wọlé ti jẹ ẹyọ kan nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá hán bọ́ọ̀lù rẹ̀ kí ó tó balẹ̀ ti kú, ìyẹn ni pé wọ́n lé e jáde. Bí ẹni mẹ́ta bá kú, ó kan ẹgbẹ́ kejì. Lọ́kọ́ja ní ẹgbẹ́ tó ń fi eré yìí gba owó oṣù, bí ẹ ò bá tiẹ̀ gbọ́ rí. Èmi ni mo ń hán bọ́ọ̀lù fún wọn nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Ilẹ̀ gbalasa kan ní àdúgbò Crusher la ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí kò nà wá. Kàdúná nà wá débi pé awakọ̀ wa kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a fi wọ Lọ́kọ́ja padà. Ìgbà tí wọ́n fi mí sí ẹ̀yìn ẹni tó ń gbá, tí mo ń fi ìka sọ fún ọmọ Ígálà tó ń jù fún wa ohun tí yóò jù, ni nǹkan yí padà. A ṣe ipò kẹta. Ọdún tó tẹ̀lé e, ipò kejì. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀: èmi ni.

Nígbà tó yá, àwọn onílẹ̀ kọ́lé sí Crusher, a kó lọ sí ẹ̀yìn Kábáwá, níbi tí ilẹ̀ ti rọra ń tẹ̀ sódò. Ibẹ̀ ni ìyọnu bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù wa kì í ṣe ohun tí èèyàn lè rí rà lọ́jà, àwọn ọ̀dọ́ wa sì fẹ́ràn láti máa gbá a sódò kí àwọn obìnrin tó ń fọṣọ lè pariwo. Àwọn apẹja a máa bá wa mú díẹ̀ padà. Ìyókù ń bá omi lọ sí Ìdá. Mo bá ṣòfin. Bọ́ọ̀lù tó bá ti òkè wọ omi tààrà, bó ti wù kó jìnnà tó, bésì méjì péré ni fún gbogbo ẹni tó ń sáré. Èyí tó bá kọ́kọ́ ba ilẹ̀, kí wọ́n máa sáré lọ sílé. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tún ń fi bọ́ọ̀lù wa ṣe àṣehàn. Bí àlejò bá dé, a ó sọ òfin náà fún wọn, ọ̀gá wọn àti ọ̀gá wa a bọ ọwọ́ sínú odò, wọn a sì fi ọwọ́ tútù yẹn bọ ara wọn lọ́wọ́. Ó parí. Mi ò gbọ́ ọ níbòmíràn rí.

Lẹ́yìn tí orúnkún mi kọ̀, wọ́n fi mí sí ẹ̀gbẹ́ bésì kẹta, kí n máa sọ fún àwọn tó ń sáré pé kí wọ́n dúró tàbí kí wọ́n máa bọ̀. Ẹgbẹ́ náà kò rí ahánbọ́ọ̀lù bí èmi mọ́, ó ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, eré kan ló kù. Bí a bá jẹ ẹ́, a dúró sínú líìgì. Bí a kò bá jẹ ẹ́, àwọn tó ń san owó wa ti sọ ọ́ lójú wa pé àwọn yóò tú ẹgbẹ́ ká. Kàdúná ló ń bọ̀ wá bá wa, oṣù tí omi máa ń kún sì ni.

Àbúrò ìyàwó mi ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù nínú wa. Èmi ni mo mú un láti abúlé wọn ní Owóró, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di igi mú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó mi tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà.

“Bàbá ilé, ẹ bá mi mójú tó àbúrò mi o. Iṣẹ́ yìí nìkan ló ní.”

“Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Ṣé èmi ò ní sí níbẹ̀ ni?”

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, omi ṣì wà lọ́hùn-ún. Bí eré ṣe ń lọ ló ń wọlé, kò pariwo, ó kàn ń gba koríko lọ́wọ́ wa díẹ̀díẹ̀. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì eré nígbà tí òmìrán kan lára wọn gbá bọ́ọ̀lù lọ sápá òsì, ẹni wọn kan sì wà ní bésì àkọ́kọ́. Ó já sínú omi, gbàgà! Wọ́n ti ń jó. Mo na ìka méjì sókè, mo sì sáré wọ àárín pápá.

“Bésì méjì! Bésì méjì!”

Ọ̀gá wọn, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kàdúná, fò wá bá mi. “Haba, Baba! Màlúù ń jẹko níbẹ̀ láàárọ̀!”

“Kí màlúù wá bá ọ gbá a. O bọwọ́ sódò àbí o ò bọ̀ ọ́?”

Àwọn tiwa rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀gá yẹn wo ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Mo bọ̀ ọ́.” Rẹfirí dá wọn padà sí bésì méjì méjì, wọn kò sì rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀.

Báyìí la ṣe bára wa dé ìparí. Wọ́n ti jẹ mẹ́fà, a ti jẹ márùn-ún. Ó kan àwa láti gbá kẹ́yìn. Ẹni méjì ti kú nínú wa. Ọmọ Ẹ̀bìrà kan wà ní bésì àkọ́kọ́, àna mi sì mú igi jáde. Omi ti dé ibi tí mo lè gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. Láàárín koríko àti omi, ilẹ̀ iyanrìn tó kù kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ.

Wọ́n ju àkọ́kọ́, kò mira. Wọ́n ju èkejì, ó gbá a.

Ohùn igi náà nìkan ti tó. Gbogbo ará Kábáwá tó jókòó sórí ògiri ẹ̀gbẹ́ pápá dìde. Bọ́ọ̀lù náà kọjá lórí mi, ẹni wọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fojú gbá ẹrẹ̀. Ó ku èmi nìkan. Mo yí padà. Mo wò ó bí ó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀bìrà wọlé. Àna mi wọlé. Wọ́n ti gbé e sókè kí rẹfirí tó nawọ́ pé kí wọ́n dákẹ́. Ó jìnnà sí ibi tí bọ́ọ̀lù já sí, kò rí i. Ọ̀gá Kàdúná ló sọ̀rọ̀.

“Ẹ bi Baba. Ohun tí Baba bá sọ, a gbà.”

Ẹ wo ọ̀fìn tó gbẹ́! Ṣé ó fi ń bú mi ni, àbí ó fi ń bọ̀wọ̀ fún mi? N kò mọ̀ títí dòní. Rẹfirí rìn wá bá mi. Kóòṣì wa wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ètè nìkan sọ ọ́: iyanrìn, iyanrìn. Àna mi dúró sórí ilé, ó ti ṣí àkẹtẹ̀ líle orí rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún un.”

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu mi. Ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, oúnjẹ àna mi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí omi tó lanu, tó gbé bọ́ọ̀lù mì, tó sì padé. Iyanrìn kankan kò ta.

“Omi ni,” mo wí.

Àna mi rìn padà lọ sí bésì kejì, ọmọ Ẹ̀bìrà padà sí ìkẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò wojú mi. Ẹni tó kàn gbá bọ́ọ̀lù sókè gbọọrọ, wọ́n hán an. Ó tán.

Kóòṣì ní, “Ojú yín ló pa wá.” Mo ní kó lọ ra tirẹ̀. Ọ̀gá Kàdúná rìn lọ sétí omi, ó bọ ọwọ́, ó wá fi bọ̀ mí lọ́wọ́. Nílé, ìyàwó mi gbé oúnjẹ sílẹ̀.

“Ṣé ojú yín ò lè fọ́ fún ìṣẹ́jú kan péré ni?”

Mo bu òkèlè. Bí wọ́n bá tún bi mí lọ́la, omi ni.

Ohun tó bá omi lọ nìyí. Eré kan, mẹ́fà sí márùn-ún. Àyè wa nínú líìgì. Ẹgbẹ́ kan, tí wọ́n tú ká kí omi tó fà. Pápá kan, tí omi bò mọ́lẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Bésì mẹ́ta tí mo fi ọwọ́ ara mi gé láti ara táyà. Àna kan, tó ń gun ọ̀kadà ní Crusher báyìí, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi kọjá láì tẹ fèrè. Bọ́ọ̀lù kan.