Òkúta Mábù Orí Ibojì Bàbá Mi

Òórùn òkúta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba omi ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn bó bá wọ ilé wa ní Àgùdà nígbà náà. Bàbá mi ló kọ́ ilé náà. Inú ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, la sì sin ín sí. Eruku títì àti èéfín sítóòfù kò jẹ́ kí òkúta mábù funfun tí a fi bo ibojì rẹ̀ dán mọ́. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti aṣọ múlọ́múlọ́ ni ìyá mi fi ń nù ún. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọsàn wẹ́wẹ́ kàn án, nítorí omi kíkan a máa jẹ mábù.

Àbúrò bàbá mi, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, wá sọ pé òkúta náà ń ti òun lójú, òun yóò sì mú àwọn tó ń fi ẹ̀rọ mú mábù dán wá láti Ọ̀yìngbò. Gbogbo ẹbí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, òkúta náà ń kọ mànà. Mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Orúkọ bàbá mi tí wọ́n fín sí i ni n kò rí.

"Bàbá Kékeré, orúkọ wọn ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ló fá a lọ. Ṣé o fẹ́ kó dán ni, àbí o fẹ́ máa kàwé lórí ẹ̀? Ẹ̀yin alákọ̀wé yìí náà."

N kò bínú, ọ̀rẹ́ mi; gbogbo ara mi kàn kú, bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn ti jókòó lé pẹ́.

Kò pẹ́ tí Bàbá Kékeré fi mú ọkùnrin kan wá wo ilé. Ṣe ló fẹ́ tà á mọ́ ìyá mi lórí, ó sì mọ̀ pé ó ṣòro kí ènìyàn tó ra ilé tí ibojì wà nínú rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń wí pé, "Ẹ jókòó síbí, Alàájì. Ibi ìgbafẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni." Ọkùnrin náà sì jókòó lórí òkúta náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde," ni mo wí. "Bàbá mi lẹ jókòó lé."

Ó dìde, ó ṣí fìlà. "Kí lorúkọ wọn?"

Mo dárúkọ bàbá mi ní kíkún, ketekete, débi pé àwọn ayálégbé yọjú. Ọkùnrin náà kí ìyá mi kú ará-fẹ́ra-kù, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"O dójú tì mí níwájú àlejò," ni Bàbá Kékeré wí. Inú mi kò tilẹ̀ dùn.

Títí dòní, àwọn kan nínú ẹbí ṣì ń yìn ín pé ó tún ibojì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ ní gbangba. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó fẹ́ gba ohun olóhun lè má fọ́ ọ rárá. Ó lè tún un ṣe dáadáa, kí a sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.