Ìwé Ẹ̀rí fún Ẹni Tí Kì Í Sinmi

Ọdún kẹta rèé tí Zipporah Ọmọ́ṣọlá, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà nílé ìwòsàn kékeré kan nítòsí Òkè-Bùkún, ti ń kọ̀wé béèrè lífù láti lọ sinmi. Ọdún kẹta náà rèé tí Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah Bámgbóṣé, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì agbègbè náà ní ọ́fíìsì Kábbà, ti ń fún un lésì kan náà: kò sẹ́ni tó máa dúró nípò rẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ò níṣòro yẹn. Bí ago méjìlá bá ti lù lọ́jọ́ Ẹtì, oko kajú rẹ̀ ní Ẹ̀júkù ló ń lọ, kì í sì í wá ẹni tó máa dúró nípò òun.

Delight, ọmọ Zipporah, ọmọ ọdún méje, ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Iffe. Bí Zipporah bá pè lórí fóònù, ọmọ náà á sọ fún ìyá àgbà pé, "Màmá, nọ́ọ̀sì ń pè yín." Lọ́tẹ̀ yìí, Zipporah ṣèlérí fún un: òun máa wá síbi ìkórè àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní Sátidé, ago kan ọ̀sán, níbi tí Delight ti máa ka ẹsẹ Bíbélì láì wo ìwé.

Lọ́jọ́rú, ọ́fíìsì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Gbogbo nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà ní Kábbà ní Sátidé yẹn gan-an fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àkòrí rẹ̀? "Ìsinmi Òṣìṣẹ́ Ìlera."

Ago mẹ́sàn-án ni wọ́n dá. Ago mọ́kànlá ààbọ̀ ni ọ̀gá wọlé. Ó ní oorun ló gbé òun lọ. Ó wá fi odindi wákàtí kan gba àwọn tí kò sùn mọ́jú nímọ̀ràn. "Ẹ máa sùn dáadáa! Ẹ máa bá àwọn ọmọ yín ṣeré!" Lẹ́yìn náà ló pe Zipporah síwájú, ó gbé ìwé ẹ̀rí onífírémù lé e lọ́wọ́: Òṣìṣẹ́ Tí Kò Gba Lífù Rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀, Sístà," ọ̀gá wí.

"Okun o," Zipporah kí wọn, "ẹ̀yin èèyàn mi. Sà, ẹ ní kò sẹ́ni tó lè dúró nípò mi tí mo bá gba lífù?"

"Bẹ́ẹ̀ ló rí."

"Ta ló wá wà níbẹ̀ báyìí?"

Ọ̀gá wojú àwọn èèyàn. "Ó yẹ kó o ti ṣètò..."

"Mo tì í pa ni. Ẹ̀yin lẹ pè mí. Kọ́kọ́rọ́ rèé."

Theresa, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn, pariwo: "Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ ọ̀nà Òkè-Bùkún? Kò gba oko kajú kọjá o!"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

"Jókòó, Sístà," ọ̀gá sọ fún Zipporah. "Oúnjẹ ń bọ̀. A máa sọ ọ́ lẹ́yìn ìpàdé."

"Nọ́ọ̀sì lẹ̀yin náà kẹ́ ẹ tó dọ̀gá, sà. Aláboyún lè dé nígbàkigbà. Ẹ lọ ṣí i fún un." Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí ìwé ẹ̀rí náà níwájú ọ̀gá, ó jáde, ó gun ọ̀kadà.

Nígbà tó dé Iffe, wọ́n ti ń kó àga. Delight jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú aṣọ funfun, ó ń jẹ ẹ̀pà. Fóònù ń dún nínú báàgì Zipporah. Kò wò ó.

"Mo ti kà á tán," ọmọ náà wí. "Ìgbà wo lẹ ń padà?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Delight wò ó pẹ́. Ó gbé ẹ̀pà sílẹ̀, ó dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.