Ojú Ewé Karùn-ún

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó ń rìn ní Rye Lane ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹni pé wọ́ọ̀dù ọsibítù ló ń kọjá, tó ń wo iṣu tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó ń wo aláìsàn, Àǹtí Nàfísátù nìyẹn. Ó ti di ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ò tíì fi wọ́n sílẹ̀. Èmi Àsúmáù, tí mò ń ta aṣọ ní ìsàlẹ̀ títì yẹn, ni akọ̀wé wọn nínú ẹgbẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo fẹ́ràn wọn gan-an, wọ́n sì máa ń bí mi nínú.

Ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀ ló pa wá pọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá ni, ó sì ní ẹ̀ka ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́fà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Láyé ìgbà kan, ẹ̀ka kan wà tó jẹ́ pé ìrẹsì ni wọ́n fi odindi ọdún jẹ, fọ́tò ni wọ́n sì ń yà. Àǹtí Nàfísátù, olùyẹ̀wò ẹgbẹ́, ló fárí gá, wọ́n jókòó, wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ Ìwé Òṣùwọ̀n. Ojú ewé márùn-ún ni, ogún máàkì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ̀kọ́ ìwé, ìpàdé, kéú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí dé ojú ewé karùn-ún tó jẹ́ ti ìtọ́jú àwọn àgbà, tí àgbà tí wọ́n lọ tọ́jú gbọ́dọ̀ buwọ́ lù. Ẹ̀ka tí kò bá gba àádọ́rin fún ọdún méjì léra wọn, a máa tì í pa.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ka Peckham gba méjìdínlọ́gọ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ni Hameedah di alága wọn, ọmọ ogún ọdún tó ń kọ́ ìmọ̀ oògùn, tí mo ti mọ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ń pọ̀n ọ́n wá ra aṣọ. Ọmọ mẹ́rin péré ló bá nípàdé. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti di mẹ́tàlélógún. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìwó àti Ìlọrin dé wà nínú wọn, tí wọn ò mọ ẹnikẹ́ni nílùú yìí, tó jẹ́ pé ìpàdé yẹn nìkan ni wọ́n ti ń rí ẹni bá rẹ́rìn-ín. Bí a bá tì í pa, mi ò mọ ibi tí wọ́n máa gbà.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi la jókòó sí lọ́jọ́ tí Hameedah mú ìwé wọn wá. Àǹtí ń ṣí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi báírò pupa kọ máàkì. Ojú ewé mẹ́rin àkọ́kọ́ mú mẹ́rìndínláàádọ́rin wá. Inú mi ti ń dùn. Ìgbà tí wọ́n dé ojú ewé karùn-ún, òfìfo ni.

"Hameedah, kí ló dé tí ibí yìí fi ṣófo?"

"Aunty, a lọ o. Every Saturday, wallahi. À ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá Sàká ní Surrey Quays, à ń ṣe shopping fún wọn, a máa ń sort oògùn wọn."

"Ìbuwọ́lùwé Bàbá dà?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Aunty, báwo ni mo ṣe máa gbé form fún Bàbá? Kí n kúnlẹ̀ kí wọn tán, kí n wá ní kí wọ́n sign pé mo kí wọn? Mummy á pa mí. It's bare rude, Aunty, àfojúdi gbáà ni."

Ẹ̀rín pa mí. Kò pa Àǹtí. "Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì," ni wọ́n wí. "Oògùn tí mi ò bá buwọ́ lù, mi ò fún aláìsàn nìyẹn." Wọ́n kọ òdo.

Máàkì mẹ́rin péré ló kù kí wọ́n yege. Omi lé sójú Hameedah, ṣùgbọ́n kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Aunty," ó sì bá tiẹ̀ lọ. "Ẹ ṣé" yẹn dùn mí ju bí ì bá ṣe pariwo lọ.

Mo gbaná jẹ. "Ẹ̀yin Àǹtí yìí náà! Wọ́n kọ́ ọmọ dáadáa nílé, ẹ wá fẹ́ torí ìyẹn fìyà jẹ ẹ́?"

"Àsúmáù, bí mo bá gba ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́ ẹ̀ka kan, kí ni mo fẹ́ sọ fún márùn-ún yòókù?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ohun tó sì tún bí mi nínú jù nìyẹn. Mo ní kí a lọ bi Bàbá léèrè fúnra wa. Àǹtí fi ìdérí dé báírò wọn. "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn," ni wọ́n wá sọ.

Ní ọjọ́ kejì, a wọ bọ́ọ̀sì P12. Bàbá Sàká ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ọdún 1958 ni wọ́n dé ìlú yìí, iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì rélùwéè ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ìgbà tí Àǹtí Nàfísátù dé ní 1981, tí wọn ò ní ẹnì kankan, ilé Bàbá àti ìyàwó wọn tó ti dolóògbé ni wọ́n gbé fún oṣù mẹ́ta.

Bàbá ṣílẹ̀kùn, wọ́n rí Àǹtí. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá." A kúnlẹ̀, a kí wọn. Àǹtí ṣàlàyé, wọ́n sì na ìwé àti báírò sí wọn.

Bàbá bọ́ awò ojú wọn. "Nàfísátù, nígbà tí o wà lọ́dọ̀ wa, tí ìyàwó mi, ìyá Yaqub, ń po ògì fún ọ láàárọ̀, ìwé wo ni mo ní kí o buwọ́ lù?"

Àǹtí fa ìwé náà sẹ́yìn. Bàbá wá nawọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Bó bá jẹ́ ìwé lo fẹ́, èmi náà ní tèmi."

Kàlẹ́ńdà ni. Iṣẹ́ akọ̀wé ò kúrò lára Bàbá, kò sẹ́ni tó máa wọlé wọn tí wọn ò ní kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, mo kà á. *Hameedah àti Bàrákàt. 2.15. Wọ́n se ẹja, kò dùn.* Sátidé tó tẹ̀ lé e: *Hameedah nìkan. 2.30. Òjò pa á. Ó ka Yásìn fún mi.* Kò sí Sátidé kan tó ṣófo, títí kan àsìkò ìdánwò wọn. Mo sunkún, mi ò ní purọ́.

Àǹtí náà ń kà á. Ìgbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n gbé e sókè, nítorí Bàbá kì í ju ti àtijọ́ nù, orí ìṣó kan náà ni wọ́n ń kọ́ gbogbo rẹ̀ sí. Wọ́n wo ti ọdún tó kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ti ọdún tó ṣáájú ìyẹn ni wọ́n ti rí i, ní oṣù kẹta: *Nàfísátù. 11.05. Kò jókòó.*

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń dí ọ lọ́wọ́," ni Bàbá wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Bàbá, mo ti fẹ̀yìn tì."

Ojú tì wọ́n, mo rí i, àánú wọn sì ṣe mí. Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà, wọ́n fagi lé òdo Hameedah, wọ́n kọ ogún síbẹ̀. Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún! Kò sí ẹ̀ka mìíràn tó gbà tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Wọ́n wá ṣí Ìwé Òṣùwọ̀n, wọ́n fa ilà gba orí ibi tí àgbà ti máa buwọ́ lùwé, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olùyẹ̀wò ni kó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wo àwọn àgbà. Wọ́n ní kí n pe Hameedah. Igbe ayọ̀ tí ọmọ náà ké lórí fóònù, gbogbo bọ́ọ̀sì ló gbọ́ ọ.

Ní Sátidé, àwa mẹ́rin la lọ. Bàrákàt gé iṣu, Hameedah to oògùn, Àǹtí sì tún un tò, torí wọn ò lè ṣe kí wọ́n má tún un tò. Ìgbà tí a fẹ́ máa lọ, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Bàbá di ara ògiri mú, wọ́n rìn dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n kọ orúkọ àwa mẹ́ta. Wọ́n wá bọ́ sí ìlà kejì.

*Nàfísátù. 2.20. Ó jókòó.*