Ìkòkò Máńgòrò Kokilaben

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Kokilaben jẹ́, ẹ fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, kẹ́ ẹ na ẹnu síta bí ewúrẹ́ tó rí iyọ̀, kẹ́ ẹ wá pariwo pé: "Ta ló ń ṣe nǹkan oṣù? Bọ́ sẹ́yìn!" Òun ló ń ṣọ́ ilé tí àwa ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Nadiad, nílẹ̀ Íńdíà. Bí tìẹ bá ti dé, bẹ́ńṣì ẹ̀yìn lo máa ti jẹun. O ò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná, torí ìkòkò máńgòrò tó rẹ sínú ata àti òróró fún ọdún kan, tá a fi ń jẹ rótì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wa, wà níbẹ̀. Ó ní ọwọ́ wa á bà á jẹ́.

Inú rírun nǹkan oṣù Falguni, ọ̀kan lára wa, kì í ṣe kékeré. Bó bá dé, á ká kò bí ewé tí oòrùn pa. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ní ìdánwò ìṣirò, oògùn tó lò ò ràn án. Àfi kó rọ omi gbígbóná sínú àpò rọ́bà, kó gbé e lé abẹ́ ìdodo, kó tó lè dìde lọ.

Ó bẹ Kokilaben pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi gbé omi kaná."

"Kí n fọwọ́ kan rọ́bà rẹ, kí n tún lọ wẹ̀? Ọmọ márùn-ún ni mo bí, mi ò ké tó báyìí!"

Ó bẹ Rupal ọ̀rẹ́ rẹ̀. Rupal ní, "Èmi ti wẹ̀ o. Má kó bá mi."

Ni Falguni bá di ògiri mú, ó wọ ilé ìdáná.

"Yéè! Máńgòrò mi! Jáde, aláìlẹ́kọ̀ọ́!"

Falguni gbé omi kaná. Nígbà tí èébú ò dáwọ́ dúró, ó ṣí ìkòkò, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó mú ẹ̀là kan, ó jẹ ẹ́.

"Ó yá, mà, ẹ jẹ́ ká máa wò ó. Tó bá bàjẹ́, màá kẹ́rù mi kúrò níbí. Tí ò bá bàjẹ́, ẹ ò ní lé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn mọ́."

Kokilaben wo ìkòkò, ó wo gbogbo wa lẹ́nu ọ̀nà. Kò lè dúró wò ó! Ó wọ́ ìkòkò síta, ó da gbogbo ẹ̀ sí gọ́tà.

Falguni la wá kọjú ìjà sí. Rupal ní, "Rótì gbígbẹ la ó máa jẹ báyìí! Ṣó tẹ́ ẹ lọ́rùn?"

"Lọ bi ẹni tó dà á nù."

Ó so rọ́bà mọ́ ikùn lábẹ́ aṣọ, ó lọ, ó sì kọ ìdánwò ọ̀hún parí. Nígbà tó dé, kò sẹ́ni tó bi í bí ìdánwò ṣe lọ.